Ṣọ́ọ̀kì Lójú Aṣọ

Kóòtù náà wà lórí tábìlì tí àwọn télọ̀ ti ń gé aṣọ, àmọ́ kò ṣeé pè ní kóòtù mọ́. Apá méjèèjì wà lọ́tọ̀, kọ́là wà lọ́tọ̀, aṣọ inú rẹ̀ ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lókun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló rí i lára ère onígi tí wọ́n máa ń wọ aṣọ fún, tó gún régé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n ṣí yàrá télọ̀, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, Olójú-Oorun ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọ̀pọ̀ olè ló ti rò pé ó ń sùn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ ràì títí wọ́n fi bá ara wọn nílé ẹjọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, ó rẹ obìnrin náà lóòótọ́. Nígbà tó ń jáde nílé, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti gba ìwé ẹ̀rí tipẹ́ ṣì nà gbalaja sórí àga pálọ̀, fóònù bò ó lójú. Wọn ò sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ. Ó ti sú ìyá láti máa béèrè pé iṣẹ́ ńkọ́, ó sì ti sú ọmọ láti máa dáhùn.

Ó sọ fún Ọ̀gá Àgbà ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà pé òun ti wádìí òkú rí, òun ti wádìí ilé tó jóná, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa pe òun sí kóòtù tó tú. Ọ̀gá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ló fún àwọn ní aṣọ tí àwọn ọmọ fi ṣe iṣẹ́ ìdánwò, pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọ̀hún ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí gan-an láti wá wò ó, pé àyè iṣẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kóòtù yìí ló dáa jù. Ọmọbìnrin kan tó rí tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ ló rán an.

"A kúkú ti mọ ẹni tó ṣe é," Ọ̀gá Àgbà wí. "Ó wà lẹ́nu géètì, lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ. Kí ẹ kàn bá wa mú un lọ ni. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé."

Olójú-Oorun ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òun ní ibi tí òun máa jókòó sí.

Yàrá tí wọ́n fún un, ti Àǹtí Iṣẹ́ ni. Bí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣe ń pe obìnrin náà nìyẹn, nítorí òun ló ń bá wọn wá ibi tí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá kọ́ṣẹ́ tán. Fọ́tò àwọn tó ti bá ríṣẹ́ kún ara ògiri, àwọn kan wọ ìbọ̀wọ́ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, àwọn kan di okùn mọ́ ìbàdí lórí òpó iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ òfin ilé náà mọ́bẹ̀ gàdàgbà: a kì í gba ẹni tó bá ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Àǹtí Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta, irun funfun ti ń yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀. Ó dìde kúrò lórí àga tirẹ̀ fún àlejò.

"Ẹ jókòó síbí mà. Eléyìí ló rọ̀ jù."

Tìmùtìmù kan wà lórí àga náà, aṣọ rẹ̀ jẹ́ tuntun, igun kan sì sanra ju àwọn yòókù lọ. Olójú-Oorun jókòó lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ dúpẹ́. Àǹtí Iṣẹ́ kó àwọn fáìlì rẹ̀ jọ, ó rọra jáde lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

Wọ́n mú ọ̀daràn wọlé. Ọmọkùnrin náà ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, Gíga náà ni wọ́n sì ń pè é. Ẹ̀rí tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò kéré. Ní ọjọ́ Ẹtì, òun àti Abẹ́rẹ́ jà sí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dáa jù níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ká wò ó bóyá kóòtù yẹn máa dé iwájú ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun ni wọ́n rán pé kó ti yàrá, kó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ní ọ́fíìsì. Irin ìtúṣọ tirẹ̀, ohun kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn télọ̀ fi ń já òwú, ni wọ́n sì rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù tó tú.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni mà. Inú ló ń bí mi."

"O gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó?"

"Mo gbé e kọ́."

"Irin ìtúṣọ rẹ ńkọ́?"

Ó ní orí tábìlì òun lòun fi í sí, níbi tí òun máa ń fi í sí. Lẹ́yìn náà ló wo fèrèsé, níbi tí ìró àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ṣòkòtò tèmi ku ìbàdí. Mo ti gé e, mo kàn fẹ́ rán an mọ́ ọn ni. Tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn bá dé tí ò parí, a jẹ́ pé mo ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ parí ẹ̀, kí ẹ wá mú mi lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò ní sá."

Ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, àgbàlagbà tó ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kẹta tó máa wọ̀ nìyí, àwọn méjì àkọ́kọ́ kógbá sílé kí ó tó kọ́ṣẹ́ tán níbẹ̀. Olójú-Oorun bẹ Ọ̀gá Àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àmọ́ ọkùnrin náà fàáké kọ́rí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ yàrá yẹn mọ́. Obìnrin náà kò bá a jiyàn púpọ̀. Wọ́n dá Gíga padà sẹ́nu géètì.

Abẹ́rẹ́ ló kàn. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ó ní òun kò rí ẹni tó ṣe é, òun ò sì lè búra pé Gíga ni. Olójú-Oorun béèrè bóyá inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ wá fún un, ọmọbìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò lè dìde lórí ibùsùn, ilé iṣẹ́ náà sì jìnnà. Bí wọ́n bá mú un, ta ló máa dúró ti bàbá? Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nígbà míì òun máa ń gbàdúrà pé kí wọ́n má mú òun.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà tún ìpéǹpéjú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rí i rí, kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́ kí ó má bàa sí ìdí láti yàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí á dun òun ju ti olè lọ. Ó dìde, ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo òkú náà dáadáa.

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìránṣọ, Bàbá Télọ̀, ló dúró ti tábìlì bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun lè búra pé télọ̀ ló tú kóòtù yìí. Ẹni tó fẹ́ ṣèkà á ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹni tó ṣe èyí kò gé aṣọ níbì kankan, òwú nìkan ló ń já, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù.

"Àwọn nọ́ńbà yìí, ẹ̀yin lẹ kọ wọ́n?" Olójú-Oorun béèrè. Ó na apá kan kóòtù náà sí i. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ nọ́ńbà sára rẹ̀ gàdàgbà.

Bàbá Télọ̀ gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó mú ìkejì, ó mú kọ́là, ó mú ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Inú bí i báyìí ju bó ṣe bí i tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ló kọ èyí sójú aṣọ?"

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láàárín ara wọn. Olójú-Oorun ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, nítorí òun kò mọ̀ lóòótọ́. Gbogbo aṣọ ló ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ojú ni ayé ń wò, ẹ̀yìn ni télọ̀ ń fa ìlà rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá Télọ̀ máa ń fi kọ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n bá dé, wọ́n sì kà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ iléèwé: ojú aṣọ kì í ṣe síléètì. Ẹni tó bá ṣì í, òun lá máa gbá yàrá títí tí yóò fi rántí. Gíga gbálẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sì gbálẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ kò gbálẹ̀ rí.

Olójú-Oorun tún fi ìka wo etí àwọn aṣọ náà. Ó rí ibi tí nǹkan ti bu wọ́n jẹ, ojú ìlà méjì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá Télọ̀ ní àwọn kì í fi irú ohun bẹ́ẹ̀ di aṣọ, píìnì làwọn ń lò. Àmọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà mọ ìlà méjì yìí bí ẹni mowó. Ó wà lára gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ní àgọ́. Kílíìpù tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀ ni.

"Ẹni tó tú kóòtù yìí kì í ṣe ọ̀tá," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó kọ nọ́ńbà sí i kó lè rán an padà bó ṣe wà. Ó di í jọ bí ìgbà téèyàn ń di fáìlì. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rán kóòtù. Kò sì tíì mọ̀ pé aṣọ ní ojú."

"Ta wá ni?" Bàbá Télọ̀ béèrè.

Ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn ló fèsì, àmọ́ kì í ṣe ìbéèrè yẹn ló dáhùn. "Ẹ má bínú mà. Ṣọ́ọ̀kì wà ní ìdí ṣòkòtò yín."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Olójú-Oorun yíjú wẹ̀yìn. Àwọn ìlà funfun ló wà níbẹ̀, tó tọ́, tó sì ní igun bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Kò fara ti tábìlì kankan. Láti àárọ̀ tó ti wọ ọgbà yìí, ibì kan ṣoṣo ló jókòó sí. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú rẹ̀. Ó wù ú kó má jẹ́ ẹni tó ń rò yẹn.

Ó bá Àǹtí Iṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀, ó dúró sídìí fèrèsé tó kọjú sí géètì. Olójú-Oorun ti ilẹ̀kùn, ó gbé tìmùtìmù náà, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló rán èyí fún yín?"

"Mo rà á ni."

"Ẹni tó tà á fún yín kò ì tíì mọṣẹ́. Ó fa ṣọ́ọ̀kì sójú aṣọ."

Àǹtí Iṣẹ́ wo tìmùtìmù náà, ó wò ó pẹ́, ó sì yà á lẹ́nu tọkàntọkàn. "Ṣé kì í ṣe ojú rẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí ni?"

Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ohun tó kù láti wádìí mọ́. Olójú-Oorun fa àga fún un, òun náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń jókòó sí, wọ́n sì wo ara wọn bí àgbà obìnrin méjì tí ilẹ̀ ti ṣú bá lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Wọ́n ti sọ fún Àǹtí Iṣẹ́ pé oṣù yìí ló máa ṣe mọ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á máa wáṣẹ́ lórí fóònù, ẹ̀rọ á máa yan ibi tó yẹ fún wọn, wọn ò nílò ẹni tó ń jókòó tì wọ́n mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó máa ń pè fún àwọn ọmọ yìí ló ti pè fún ara rẹ̀, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí, wọn ò sì pè é padà. Ó bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù. Ó fi rán tìmùtìmù, inú rẹ̀ dùn sí i, àfi bíi pé ó ti bọ́ nínú wàhálà. Nígbà tó rí kóòtù Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó wù ú láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó mú irin ìtúṣọ lórí tábìlì tó súnmọ́ ọn, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín. Ó gbé kóòtù lọ sílé pé kí òun tú u, kí òun wò ó, kí òun rán an padà kí wọ́n tó dé lọ́jọ́ Ajé.

"Títú rẹ̀ ò le," ó wí. "Mo jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mi ò rí apá kan ṣoṣo rán mọ́ ọn. Bí mo ṣe dá a padà láàárọ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Télọ̀?"

Àǹtí Iṣẹ́ nawọ́ sí ara ògiri, síbi tí òfin náà wà. "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Àìmọye ẹgbẹ́ mi ló ti wá síbí, tí mo nawọ́ sí i fún wọn, tí mo ní kí wọ́n máa lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Olójú-Oorun. Ó ṣe é dé ibi tí kò fẹ́ sọ ohun tó kàn, àmọ́ ó sọ ọ́.

"Ọmọ yẹn ti wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Ìbàdí ṣòkòtò ló kù ú. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́."

"Mo ń rí i láti ojú fèrèsé yìí," Àǹtí Iṣẹ́ wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde, mo máa ní kí n kọ́kọ́ ro bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ń rò ó ni ẹ fi wọlé."

Ó dìde. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní yàrá télọ̀, lójú gbogbo àwọn ọmọ, lójú Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n sáré lọ pe Gíga. Ó wọlé, ó gbọ́ ọ, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní òun kò fẹ́ ẹjọ́, aṣọ òun ni òun fẹ́. Bàbá Télọ̀ pín in fún ọwọ́ tó mọṣẹ́: ẹnì kan gba apá, ẹnì kan gba aṣọ inú, ẹnì kan gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò, Abẹ́rẹ́ sì mú kọ́là fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní igun yàrá, Gíga nìkan ló ń rán tirẹ̀.

Ó ti rán ìbàdí náà dé ìdajì nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́nu géètì.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó yẹ gbogbo iṣẹ́ wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ó dúró pẹ́ nídìí kóòtù, ó sì dúró nídìí ṣòkòtò Gíga pẹ̀lú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìrán rẹ̀. Olójú-Oorun, tó ti yẹ kó ti padà sí àgọ́, gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tó dá ọmọ náà dúró. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Ọwọ́ ẹ̀ dáa," ó wí. "Àmọ́ iṣẹ́ tó parí ni mo wá wò."

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n mú. Ó sunkún, kò sì sẹ́ni tó béèrè irú ẹkún tó jẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, Olójú-Oorun bá Gíga lórí òkúta tó wà lẹ́nu géètì, níbi kan náà tí wọ́n fi í sí láàárọ̀. Ṣòkòtò náà wà lórí orúnkún rẹ̀. Obìnrin náà jókòó tì í. Ó ní, ó kéré tán, orúkọ rẹ̀ ti mọ́.

"Orúkọ mi ti mọ́ mà. Kì í ṣe orúkọ la máa sè jẹ nílé."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà wo ṣòkòtò tó wà lórí orúnkún ọmọ náà. Ó rántí ẹni tó nà sórí àga ní pálọ̀ rẹ̀, ó rò ó bóyá ọmọ òun náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, tí òun kò gbọ́.

Àǹtí Iṣẹ́ jáde wá. Ó ti gbé báàgì rẹ̀, báàgì dúdú tó wúwo, ó sì di nǹkan kan mọ́ abíyá. Tìmùtìmù náà ni. Ó dúró níwájú ọmọkùnrin náà.

"Mi ò ní ní kí o má bínú," ó wí. "Dìde. Mú ṣòkòtò yẹn dání. Mo mọ obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó ti bẹ̀ mí rí pé kí n wá ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ fún òun. Mi ò fẹ́ pè é. Mo fẹ́ mú ẹ lọ."

Gíga wo tìmùtìmù. "Èyí ńkọ́?"

"Ó ṣeé ṣe kó ní àyè ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fún èmi náà. Kò sí òfin lára ògiri tirẹ̀."

Ọmọkùnrin náà jókòó síbẹ̀, inú ṣì ń bí i, ó hàn lójú rẹ̀ gbangba. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó tẹrí ba lábẹ́ irin géètì bó ṣe máa ń ṣe. Ó na ọwọ́, ó gba báàgì tó wúwo náà lọ́wọ́ Àǹtí Iṣẹ́, ó sì bọ́ síwájú. Àwọn méjèèjì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ, àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín wọn.

Olójú-Oorun dìde, ó na ẹ̀yìn. Ó fẹ́ gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe ilé. Ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Màámi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan," ó wí. "Mi ò fẹ́ béèrè nǹkan kan. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn ẹ."